Ẹni Tó Ní Wọ́n Jẹ Afárá

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá gbogbo yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí ẹní, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara ti mọ́tò lóde lọ́hùn-ún tẹ́ ẹ ní ẹ ò níí pẹ́. Ìfura ni wáàsí wa lónìí. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn tí a bá fún ẹni tí kò ṣàìsàn, ṣé kì í ṣe májèlé? Ọlọ́hun kìlọ̀ àbá dídá nípa ẹlòmíràn fún wa, a ò gbọ́. Ẹ wá gbọ́ ti Bàbá Bùsárì.

Aránṣọ ni Bàbá Bùsárì, ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ. Èèyàn wọn lè wà níbí. Odò kan pààlà láàrin ìlú náà àti oko wọn. Bí òjò bá ti dé, iṣu á máa jẹrà lóko, aboyún á máa rọbí létí odò. Bàbá yìí lọ́mọbìnrin kan, Múínátù. Mùbáṣírù, ọmọ ìlú wọn tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣètò ìṣúná, ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Wọ́n ti dájọ́ yìgì.

Lọ́jọ́ àsáláátù kan, Mùbáṣírù dé láti olú-ìlú, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, gómìnà ti fi afárá wa sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí o!"

Haa! "Àláhù Àkúbárù!" Wọ́n pa àgbò. Lójú tiwọn, bí afárá ti wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì, owó ti wà nínú àpótí nìyẹn, kí bíríkìlà máa bọ̀ ló kù. Ṣé ẹ̀yin náà ò rò bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ má wojú mi, mo mọ̀ yín.

Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé. Òkúta kan ṣoṣo ò balẹ̀ létí odò. Àsìkò yẹn gan-an ni Mùbáṣírù ṣí páànù tó ti dípẹtà kúrò lórí ilé ìyá rẹ̀, tó kan tuntun.

Bàbá Bùsárì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wo páànù tó ń kọ mànà, ó wo ọ̀nà odò. Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́, kò mọ̀. "Àbí afárá wa ló gun orí ilé yẹn?"

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tọ́mọ yẹn ṣe tí kò jọ tolè lójú rẹ̀. Bó wọ bàtà tuntun, afárá ni. Bó fún àwọn ọmọdé ní bísíkíìtì, ó ń fi dí wọn lẹ́nu ni. Bó pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀, "Ẹ wò ó, ó ń tọrọ àforíjìn ohun tó jẹ!" Bó bá tètè dìde ńkọ́? Á ní ẹ̀rí ọkàn ni ò jẹ́ kó lè dúró. Ẹni tí a bá ti fura sí, kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ràn dé ọjà. Ìyá Mùbáṣírù á kí èèyàn ní sálámà, wọn ò ní dáhùn.

Nígbà tó di ọjọ́ jímọ̀, bí wọ́n ti kírun tán, Bàbá Bùsárì bá dìde. "Ẹ gbọ́ o! Yìgì Múínátù ò sí mọ́! Mi ò lè fọmọ fún ẹni tó jẹ afárá!"

Omi bọ́ lójú Mùbáṣírù. Lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi pààlà fáwọn obìnrin, Múínátù bú sẹ́kún. Lèmọ́mù, àgbà tí kì í pariwo, ló sọ̀rọ̀.

"Bùsárì, gbójú sókè. Kí lo rí?"

"Tapólì tá a fi bo òrùlé ni."

"Ó ti ya, àbí kò ya? Nígbà tí a pe ara wa jọ pé ká kan òrùlé mọ́ṣáláṣí, ta ló kọ́kọ́ dìde?"

"Èmi ni."

"Kí lo wí?"

"Mo ní... mo ní èmi ni màá ra gbogbo páànù."

"A kígbe, a ṣàdúà fún ọ. Mo gbójú lé ẹnu rẹ, mo lọ gba pákó láwìn. Páànù dà?"

"Ẹ má bínú, Lèmọ́mù. Mo retí pé iṣẹ́ Iléyá á pọ̀ ni. Kò wá pọ̀."

"Ṣé kí wọ́n máa wí nísinsìnyí pé Lèmọ́mù jẹ páànù?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí po?

Mùbáṣírù nu ojú rẹ̀. "Bàbá, bí bọ́jẹ́ẹ̀tì ṣe rí nìyẹn. Ìjọba á fojú díwọ̀n owó tí wọ́n ń retí: owó orí, owó tí Àbújá ń pín. Wọ́n á wá to ìnáwó lé e lórí. Bí ìnáwó bá ju owó tó ń wọlé lọ, ẹ̀yáwó ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà, àwa àtàwọn ọmọ wa la ó sì san án. Lọ́dún yìí, owó tó wọlé ò tó ìdajì èyí tí wọ́n retí. Afárá wa wà nínú ìwé, kò sí lápò. Páànù ìyá mi, owó àjọ tí mo kó ni."

Ojú ti Bàbá Bùsárì, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àìsàn ìfura kì í tètè lọ. Ó tún béèrè, "Èyí tó wá wọlé náà ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ṣe?"

Mùbáṣírù wolẹ̀. "Wọ́n san owó oṣù, wọ́n sì ra mọ́tò fáwọn ọ̀gá. Ìyẹn ò dín rárá."

"Afárá ń dúró de owó, mọ́tò ò dúró!" ni Bàbá Bùsárì ké. Wàyí o, ìfura ti dé ibi tó yẹ kó lọ. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó fẹ́ fi ṣe àna. Mùbáṣírù fà á dìde, ó foríjì í.

Múínátù ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn aṣọ, "Bàbá mi, ibi tẹ́ ẹ ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ni kẹ́ ẹ ti tún un ṣe. Abẹ́ páànù tẹ́ ẹ ṣèlérí ni wọ́n á ti so yìgì mi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò lọ."

Bàbá Bùsárì ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi ra páànù. Wọ́n kan òrùlé, wọ́n so yìgì, òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò pa ẹnì kankan. Aṣòfin àgbègbè wọn wá síbẹ̀, ó gba gbohùngbohùn. "Ẹ bá mi yọ̀! Afárá yín tún ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tuntun!"

Ẹnikẹ́ni ò ké Àláhù Àkúbárù. Bàbá Bùsárì ló dìde. "Ẹ káre, Aṣòfin. Ẹ kọ́kọ́ sọ tèṣí fún wa. Èló lẹ retí? Èló ló wọlé? Kí lẹ kọ́kọ́ fi rà? Ta lẹ yá lówó lórúkọ wa?"

Aṣòfin bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má fura síjọba o. Ẹ fura dáadáa! Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó pe ọmọ ọlọ́mọ lólè. Ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu, ẹyin ni, bó balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Òrùn ti ń pa mí lórí bí mo ṣe dúró yìí. Ẹ gbójú sókè, ẹ wo ihò tó ń gbà wọlé. Ṣé ẹnì kan ò dìde nínú mọ́ṣáláṣí yìí níjelòó pé òun lòun máa dí i? Mi ò dárúkọ.

Ọlọ́hun, fi ọ̀nà mọ̀ wá. Má jẹ́ ká fi àbá pa aláìṣẹ̀. Fún wa lẹ́nu láti bi àwọn tó ń ṣàkóso wa léèrè, sì fún wa lọ́wọ́ láti san ìlérí tiwa. Ẹ ṣàmín.

Bàbá tó jókòó sídìí òpó yẹn, mi ò gbọ́ àmín tiyín.