Gìtá Tó Ń Ki Bàbá Mi

Ìgbà ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò pẹ́ tí ogun Bìáfírà parí, nígbà tí mo ṣì lè gun igi ọsàn láìwá àkàbà. Mo wà lórí igi nínú oko wa ní Fìdítì, ọ̀sán gangan, ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi. Wọ́n ń kọrin.

Bàbá mi ti kú nígbà náà o. Èmi ni mo bọ́ sínú kòtò tí mo gbà wọ́n sílẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn òkú, ẹ ó ní fóònù ni. Fóònù dà nígbà náà?

Mo tọ ohùn náà dé ilé kan tí àwọn oníkòkó ti pa tì. Jímọ̀ àbúrò mi ló ń kọrin! Sánmí, tó ti ogun dé, ń ta gìtá oníná. Délé ọmọ tíṣà jókòó ti ìlù. Orin rọ́ọ̀kì ni, bíi ti àwọn ará apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí Sánmí gbọ́ nínú àwo. Àmọ́ oríkì bàbá mi ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

"Jímọ̀, ta ló kọrin yẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Àbí ẹ rí ẹlòmíì?"

Sánmí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó jàre. Ẹ wá gbọ́ orin."

Kí n má purọ́, orin náà dùn. Kò pẹ́, àwọn ará Imini ń pè wọ́n sóde, àwọn ará Jóbẹ̀lé ń pè wọ́n. Ìyá tó bí bàbá mi nìkan ni kò jó. Nílé wa, ẹni bá ki òkú gbọ́dọ̀ fi ìdágbére kádìí ẹ̀: Àlàó, o ti gbọ́, máa padà síbi tó o ti wá. Ìdágbére náà falẹ̀, kò ṣeé jó sí. Àwọn ọmọ wá gé e kúrò nínú orin wọn.

"Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn," ni Ìyá àgbà wí. "Ta ló máa tì í?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ ó wà ní ṣíṣí," ni Délé wí, "ooru ń mú wa."

Ẹ gbọ́... Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Jímọ̀ wọ yàrá ìyá wa, ó ní, "Ará Ìlọra, níbo lo gbé ọkọ́ mi sí?"

Bàbá mi nìkan ló máa ń pe ìyá mi bẹ́ẹ̀. Ọkọ́ yẹn sì ti sọnù sóko kí wọ́n tó bí Jímọ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n bu omi. Wọ́n kúnlẹ̀ fún ọmọ wọn.

Látọjọ́ náà, tá a bá pe Jímọ̀, kì í jẹ́. Àfi ká pe Àlàó, oríkì bàbá mi.

Mo ní kó kọ ìdágbére. Ìyá mi yarí. "Ṣé o fẹ́ kí n tún di opó ni?"

"Jímọ̀ ńkọ́, Ìyá? Ṣebí ẹ̀yin lẹ bí i?"

Ìyá mi wo ọmọ wọn níbi tó sùn sí lórí ẹní bàbá mi. Wọ́n ní, "Lọ pe Sánmí wá."

Àgbàlá wa ni, oòrùn ràn kedere. Sánmí rọra ń ta gìtá, Jímọ̀ kọ orin náà délẹ̀, tòun ti ìdágbére. Bó ṣe kan "máa padà", aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá mi fẹ́ síta. Ewé kan ò sì mì. Jímọ̀ wò mí. Ó dá mi mọ̀. Ó la ẹnu kó pè mí, ohùn ò jáde. Kò jáde mọ́ títí tó fi kú.

Lónìí, ẹ̀ ń fi orúkọ òkú jó káàkiri, ẹ kì í dágbére. Mo ti sọ tèmi.

Ohun tá a pàdánù nìyí. Ẹgbẹ́ olórin kan, torí Sánmí ò fọwọ́ kan gìtá mọ́. Ohùn àbúrò mi. Ìyá mi sì pàdánù ọkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.