Ẹ̀wà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, Bùsọ́lá, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Yába níbí, èmi náà ti ṣe irú iṣẹ́ tóo ní wọ́n gbé fún ẹ yìí. Ìdánwò kan náà fún gbogbo ilé-ìwé àdúgbò. Àbí o rò pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀? Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kóo gbọ́.

Tẹ́lẹ̀, oníkálukú ló ń ṣe ìdánwò tiẹ̀. Ọmọ Mùṣin á gba àádọ́rùn-ún, ọmọ Sùúrùlérè á gba ogójì, o ò sì ní mọ èwo ló gbọ́n nínú wọn, torí ìbéèrè tibí rọ̀, tọ̀hún le. Ìyẹn ò dáa. Ni wọ́n bá ní ká pa á pọ̀. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan, kí tíṣà ibí máàkì ìwé ọmọ ọ̀hún. Inú mi dùn sí i. Mo ṣì gbà pé ó tọ́ títí dòní, má ṣì mí gbọ́ o.

A pàdé ní Sátidé kan, àwa tíṣà méje. Ọ̀gá wa, bàbá kan tó máa ń wọ táì nínú oòrùn gan-gan, ní kí n mú ìbéèrè wá lórí irúgbìn. Mo kọ ọ́ kíá. Ẹ̀wà nínú agolo mílíìkì mẹ́ta. Ọ̀kan lójú fèrèsé, a bomi sí i. Ọ̀kan lójú fèrèsé, kò sómi. Ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a bomi sí i, ṣùgbọ́n kò rí ìmọ́lẹ̀. Èwo ló máa hù? Èmi náà ni mo kọ ìdáhùn: ti àkọ́kọ́ nìkan.

Ta ló gbin ẹ̀wà wò nínú wa? Kò sẹ́nìkan. Àwa méje, pẹ̀lú gbogbo ìwé-ẹ̀rí wa... Ọ̀gá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, a mu mínírà, a túká.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó ń jẹ́ Mọ̀ríámọ̀. Ìyá ẹ̀ ń ránṣọ ní Mùṣin. Nọ́ọ̀sì lọmọ yẹn fẹ́ ṣe, kò sì gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá fojú ẹ̀ rí i. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń pariwo ẹ̀ ní kíláàsì: "Má kọ ohun tóo gbọ́. Ohun tóo rí ni kóo kọ."

Àbájáde dé. Ìdánwò yẹn ni wọ́n fi ń yan ọmọ tó máa wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì, máàkì méjì péré ni kò jẹ́ kí Mọ̀ríámọ̀ wọ̀ ọ́. Ìbéèrè ẹ̀wà yẹn, òdo ni wọ́n fún un. Ó kọ ọ́ pé èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà á hù.

Kò bá mi jà o. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó gbé agolo kan wá sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Mà, mo ti gbìn ín wò kó tó dọjọ́ ìdánwò. Mo tún gbin òmíràn. Kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi ni mo gbé e sí." Mo yọjú wò ó. Ó funfun, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ṣùgbọ́n ó hù. Ó tiẹ̀ ga.

Mo lọ bá ọ̀gá. Ó ní, "Láti Ọ̀yìngbò dé Mùṣin, a ti máàkì gbogbo ìwé tán. Ṣé ká wá tú u torí ẹ̀wà?" Ó tún ní, "Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ìdáhùn yẹn?"

Mo jáde lọ́fíìsì ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, ìtìjú ni. Mo padà bá ọmọ yẹn, mo ní, "Gbé e lọ sílé. Ohun tó wà nínú ìwé ìdáhùn la máa tẹ̀lé." Ẹyin lohùn, Bùsọ́lá. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Wọ́n mú un lọ sí kíláàsì àwọn tó ń kọ́ òwò.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo pàdé ẹ̀ ní Costain. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tiẹ̀ níbẹ̀, ara ẹ̀ le, má bá mi sunkún. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín èrò. Mo ní, "Mọ̀ríámọ̀, ṣóo rántí ẹ̀wà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Há, mà, ọmọdé ló ń ṣe mí nígbà yẹn. Ó ní láti jẹ́ pé ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi ò dé dáadáa ni."

Gbogbo ọdún yẹn, ìlẹ̀kùn ló ń dá lẹ́bi... Kí ni ì bá ná mi kí n sọ fún un níbẹ̀ pé òun ló gbà á, èmi ni mo ṣì í? Mo ní, "Bóyá." Mo wọ ọkọ̀, mo lọ. Ìgbà tí mo ṣọkàn gírí tí mo padà lọ, wọ́n ti wó àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó kó lọ. Ó ń dùn mí títí dòní.

Tiyín tún wá yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń máàkì, bí ìdáhùn tẹ́ ẹ fún un bá ṣì, ó kàn máa fún gbogbo ọmọ tó bá gbà á ní òdo lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ta ni ọmọ á gbé agolo wá bá? Ẹ ṣe ìdánwò yín, ó dáa. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìdáhùn, ẹ gbìn ín wò. Bọ́mọ kan bá sì ní òun rí nǹkan míì, ẹ bá a wò ó.

Lọ sí kíṣìnì mi. Kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń gbìn ín síbẹ̀. Ìlẹ̀kùn tèmi dé pinpin, fọwọ́ ara ẹ tì í wò. Lẹ́yìn náà kóo ṣí i, kóo wá sọ fún mi bóyá kò hù.