Ẹnubodè Tí Kò Gba Kajú Tí A Ti Pa

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n dìde dúró sọ ọ́, torí bí mo bá jókòó, ẹ̀rù lè mú kí n gé e kúrú. Gbogbo yín mọ̀ mí. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀gbìn ni mo ti ń jẹun. Ẹ sì rántí Màmá Àbíkẹ́ olóògbé, tó kó àwọn obìnrin ìlú wa jọ, tí wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n ti ń pa kajú, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n má baà máa ta kóró rẹ̀ ní tútù fún àwọn ará òkè òkun mọ́. Ilé náà ti di títì báyìí. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Ọdún tí wọ́n ṣí ilé náà ni mo tẹ̀lé ọ̀gá mi lọ sí ìpàdé káràkátà kan ní òkè òkun. Wọ́n ka òfin kan níbẹ̀. Kajú tí a kò tíì pa yóò wọ ilẹ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí a bá ti pa, tí a ti yan, owó ibodè rẹ̀ yóò wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tí yóò rà á. Alága béèrè pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ohun láti sọ?" Lẹ́tà tí Màmá Àbíkẹ́ kọ, pé kí n bá wọn kà á níbẹ̀, wà nínú àpò mi. Ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ sí mi létí pé, "Jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé o ò fẹ́ tún bá wa wá lọ́dún tó ń bọ̀ ni?"

Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Nígbà tí mo dé, Màmá wá bá mi nílé. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé wọ́n gbọ́ tiwa?" Mo ní, "Wọ́n gbọ́, Mà. Wọ́n ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò." Irọ́ ni mo pa.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan lóṣù tó kọjá, nígbà tí a gbààwẹ̀, mo kúnlẹ̀ nínú ilé ìjọsìn yìí lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán. Mo gbórí lé àga, oorun sì gbé mi lọ. Mo gbọ́ orúkọ mi. Mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún erùpẹ̀ oko. Ó ní, "Dìde, wá wo ibi tí ò ń lọ."

A kọjá lára àwọn alágbèrè, a kọjá lára àwọn tó fi agbára gba ilẹ̀ opó, igbe wọn ń dún, ọkùnrin náà kò jẹ́ kí n dúró wò wọ́n. A dé ọ̀nà tóóró kan láàárín ògiri méjì. Èrò kún ibẹ̀ bámúbámú, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú, gbogbo wọn wọ kóòtù. Òkìtì kajú wà níwájú wọn, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ti pa kajú rí mọ bí omi èèpo rẹ̀ ṣe ń jóni. Ó ń bó wọn lọ́wọ́ dé egungun. Bí ẹnì kan bá ti pa tirẹ̀ tán, yóò gbé e sáré dé ẹnubodè, ohùn kan yóò ní, "A kì í gba èyí tí a ti pa. Lọ mú ti inú èèpo wá." Yóò sunkún padà, yóò mú ti inú èèpo wá, ohùn náà yóò ní, "Pa á kí o tó dé ibí."

Mo ní, "Olúwa mi, àwọn wo nìyí?"

Ó ní, "Àwọn ti iwájú ló kọ òfin. Àwọn ti ẹ̀yìn mọ̀ pé yóò pa ará ilé wọn lára, wọ́n sì gbà á."

Mo fẹ́ bi í bóyá wọ́n ń jáde níbẹ̀, ni mo rí i pé kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Mo yíjú padà, ọ̀nà tí a gbà wọlé ti di ògiri, mo fọwọ́ tì í, kò mì, ògiri ọ̀tún ń sún mọ́ mi, ti òsì ń sún mọ́ mi, àwọn èrò ń tì mí síwájú, kajú wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ìgbà tó débẹ̀, omi rẹ̀ ń jó mi, mo ń pariwo, etí èmi fúnra mi kò gbọ́ ariwo náà! Ohùn ẹnubodè wá bi mí pé, "Ṣé o ní ohun láti sọ?" Mo ya ẹnu. Ahọ́n mi kò gbéra. Ó tún bi mí. Ahọ́n mi wúwo bí òkúta. Ó ní, "Kò ní ohun láti sọ," wọ́n sì tì mí padà sẹ́yìn.

Ihò kékeré kan wà lára ògiri. Mo yọjú níbẹ̀, mo rí oko tó tẹ́jú lọ, tí kò ní ọgbà, tí kò ní ibodè. Àwọn èèyàn jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ ohun tí wọ́n gbìn. Màmá Àbíkẹ́ wà láàárín wọn, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó rí mi. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, kí lẹ wá ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ìyàwó mi ló jí mi. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, kí lẹ ń sunkún sí?" Òógùn ti rin aṣọ mi.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá ọ̀gá mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n fẹ́ tún gbé òfin náà yẹ̀ wò ní ìpàdé ọdún yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí kajú tí a ti pa máa wọlé bí èyí tí a kò pa." Ó rẹ́rìn-ín. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń lọ, wọ́n sì gbé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Àbíkẹ́, ọmọ Màmá. Kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Títí màámi fi kú, wọ́n rò pé àwọn ará òkè òkun ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò ni."

Èmi àti àwọn obìnrin náà ti kọ lẹ́tà mìíràn sí gbogbo aṣojú tó ń lọ sí ìpàdé náà, orúkọ mi ló ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò tíì dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin, bó ti wù kí àga yín kéré tó, ẹ má ṣe sọ pé ẹ kò lágbára. Kò sẹ́ni tó béèrè agbára lọ́wọ́ mi níbẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n béèrè.