Òrùka Irin Tó Há sí Àtàǹpàkò Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí orúnkún mi ṣì lè tẹ ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, igi ni mo ń yí lẹ́nu ẹ̀rọ, tí mo ń gbẹ́ ẹ, ní àdúgbò Gurugu níbí. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ àpótí, ohunkóhun tó bá ti gbọ́dọ̀ rí roboto. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùràímọ̀, ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní àdúgbò Moshie Zongo. Ẹ̀rọ tiwọn tóbi bí akọ màlúù. Tèmi... ewúrẹ́ ni.

Ẹ gbọ́. Irin eléyín mẹ́ta kan wà tó máa ń gbá igi mú lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní, àwa méjèèjì la jọ rà á. Ihò rẹ̀ bá ọ̀pá ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi mu wẹ́kú. Tèmi ńkọ́? Ọ̀pá tèmi tín-ín-rín. Alágbẹ̀dẹ bá rọ òrùka kan tí mo máa ń kọ́kọ́ fi sọ́pàá kí irin náà tó lè dúró. Láìsí òrùka, á máa mì bí eyín arúgbó. Bí eyín mi yìí!

A jà lórí irin yìí títí a fi dé iwájú Áfáà, ará Ìlọrin. Kí ni Áfáà wí? "Irin yìí lọkọ, ẹ̀yin lìyàwó. Kó sun ọjọ́ méjì ní Zongo, ọjọ́ méjì ní Gurugu. Òrùka á máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rẹ́ ọjọ́ ẹnì kejì jẹ, kó rántí Ọlọ́run."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi? Ìyàwó?"

Áfáà ní, "Ìyáálé sì ni ọ́."

Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó mi dé. Bàbá Sínátù, àna mi ní Dungu, ti wí tiwọn: "Bí bẹ́ẹ̀dì ò bá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin di Jímọ̀, kò sí yìgì." Mo ti yí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ku ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀ sì rèé, ọjọ́ tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé irin wá. Ó wúwo, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbé e. Wọ́n wá ki òrùka bọ àtàǹpàkò kó má bàa sọnù lọ́nà. Kí wọ́n tó dé, àtàǹpàkò ti wú bí ọ̀dùnkún.

"Ràímì, fà á."

Mo fà á. A fi ọṣẹ. A fi òrí. Wọ́n figbe ta: "Òrùka ni mo ní kí o fà, kì í ṣe apá!"

A lọ bá alágbẹ̀dẹ. Ó ní, "Èwo ni kí n gé? Òrùka, àbí àtàǹpàkò?" Ogun kejì àwọn òyìnbó ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, irin ò sí láti fi rọ òmíràn. Ó wá tẹjú mọ́ àtàǹpàkò... Ẹ̀gbọ́n mi sá! Odindi onírùngbọ̀n, wọ́n ń sáré láàárín ọjà!

Nírọ̀lẹ́, a ti padà sílé mi, a tún ń fà á, ni àna mi wọlé. Wọ́n rí bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n rí wa nílẹ̀ẹ́lẹ̀, òrí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ̀rọ ti Bùràímọ̀, ṣé òun náà ń lo òrùka?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò lọ yí i níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, "Bàbá, ọjọ́ tiẹ̀ lòní. Mi ò lè rẹ́ ẹ jẹ."

"Kai!" Àna mi, tí wọ́n ti gbọ́ ìdájọ́ Áfáà, wò wá, wò wá. "Ṣé ìyàwó kékeré kò lè lọ kí ìyáálé rẹ̀ ni?"

Mo gbé irin, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Zongo. A so yìgì. Àmọ́ ìkánjú wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kẹrin gùn ju àwọn yòókù lọ. Títí Sínátù, Ìyá Àgbà yín, fi lọ, kò sí oorun tí wọn ò yí wá bá mi.

Òrùka náà? Kò yọ. Ọdún gorí ọdún. Kí ni mo lè ṣe? Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń lọ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ogun parí, irin dé, mi ò tilẹ̀ rántí rọ òmíràn. A ò ka ọjọ́ mọ́. A jọ ń jẹun, a jọ ń bú ara wa.

Nígbà tí àìsàn wá mú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n rù. Òrùka yọ fúnra rẹ̀. Wọ́n fi rán àwọn ọmọ wọn sí mi: "Ẹ sọ fún Ràímì pé gbogbo ọjọ́ ti di tiẹ̀."

Hùn... Òun nìyí. Ẹ gbà, ẹ wò ó. Lónìí, olúkúlùkù yín ló ní ẹ̀rọ tiẹ̀, ó pé pérépéré. Ta ló ń yà nílé ta?

Ẹ má kì í bọ àtàǹpàkò o. Àbí... ẹ kúkú ki òrùka bọ̀ ọ́.