Ṣokoléètì Tí Ìyá Ń Bẹ̀rù

Orí ìlà ilé oògùn kan ní Riverdale ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ìyá àgbà kan àti obìnrin tó bá a wá.

"Ọmọbìnrin mi ti ṣètò ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ń lọ sí Lyon, ní Faransé. Wọ́n á máa mú wa rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ká máa tọ́ ṣokoléètì àti kéèkì wò."

"Aunty, pẹ̀lú àtọ̀gbẹ tẹ́ ẹ ní yìí? Ẹ ò tíì sọ fún un ni?"

"Àtọ̀gbẹ yìí náà ló pa bàbá ẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó dì mọ́ mi, ó ní, 'Mọ́mì, ẹ̀yin ò ní irú ẹ̀, àbí?' Mo ní rárá. Látìgbà yẹn, inú ike ẹ̀gúsí ni mò ń tọ́jú oògùn mi sí."

"Ẹ̀rù ń bà mí o. Ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó wọ bàlúù."

"Ta lẹ̀rù ò bà? Mi ò rí oorun sùn mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá mú ṣokoléètì wá síbi ẹnu mi, tó ní, 'Mọ́mì, ẹ tọ́ ọ wò,' kí ni kí n ṣe?"

Ìyá náà gba oògùn ẹ̀, ó tì í bọ ìsàlẹ̀ báàgì, ó ní, "Màá yanu gbà á ni."