Èmi Ni Mo Fi Ọdún Kún Ọjọ́ Orí Tóbi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti gbé irọ́ kan mì, kò sì dà nínú mi. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ìyá ọmọ tí mo purọ́ mọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí òun ní Sátidé. Èmi! Ẹlẹ́rìí! Ohun tó lé mi wá síbí nìyẹn.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì sun ìdajì rẹ̀. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fò ó kọjá.

Bàtà bọ́ọ̀lù òkìrìkà ni mo ń tà ní Fájuyì. Agbábọ́ọ̀lù tí mi ò mọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Adó kò pọ̀. Àwọn kan wà tí mo mọ ẹsẹ̀ wọn ju ojú wọn lọ. Bí wọ́n bá kí mi lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó dáhùn.

Ọmọ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Dàpọ̀ ni ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ṣaláìsí. Èmi ni mo tọ́ ọ. Nígbà náà, ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó wà ní pólì. Tóbi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà omidan ni ìyá Tóbi. Oko ló ń ṣe ní Ìjàn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ọmọ náà ń gbé ní Adó níbí.

Ẹgbẹ́ àdúgbò kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ń gbá bọ́ọ̀lù fún, iwájú kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbá. Kí n má fi irọ́ kún irọ́: Tóbi mọ̀ ọ́n gbá ju Dàpọ̀ lọ.

Ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn, ó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́. Kóòṣì la ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo ni àyè wà fún. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń yẹ àwọn ọmọ wa wò bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní ọmọ pólì ti gbó. Ó ní bó ṣe ń gbá a lónìí náà ni yóò máa gbá a títí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi kún un mọ́. Ó ní amọ̀ tútù ni ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, bí a bá ṣe fẹ́ la ṣe lè mọ ọ́n, bó bá sì yá, òkè òkun ni.

Mo ní, "Amọ̀ tútù kì í gbé omi kaná, Kóòṣì. Ìkòkò tó ti jinná, òní náà la ó fi sebẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bùnmi, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ yìí."

"Ẹ kọ́kọ́ dìde lórí bàtà mi. Ẹ ti jókòó lé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ láti àárọ̀."

Ẹnu mi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ tó ń jí sáré kó tó lọ jókòó ní kíláàsì, òun ni wọ́n ní ó ti gbó ní ọdún méjìlélógún! Kí ni kí wọ́n wá pe èmi? Àwọn ọkùnrin etí pápá, tí ikùn wọn máa ń dé ibi gbogbo ṣáájú wọn, ń mi orí. Wọ́n ní ìwé ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ Dàpọ̀ gbẹ. Dàpọ̀ gbọ́ ọ. Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹta, Kóòṣì ní Tóbi ni òun fẹ́ mú, ó ku kí òun mọ ọjọ́ orí rẹ̀ dájú.

Ẹ ṣáà mọ ìwà wa. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ń gé ọjọ́ orí bí ẹni gé èékánná. Mo mọ ọ̀kan tó ti bímọ méjì, tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bó bá ti wọ pápá. Nítorí náà, Kóòṣì kì í wo ìwé. Àwọn ìyá àdúgbò ló máa ń lọ bá. Yóò ní, "Ta ló jọ lóyún pẹ̀lú ìyá ọmọ yìí?" Obìnrin lè gbàgbé ọjọ́ tó bímọ, kò lè gbàgbé ẹni tí wọ́n jọ gbé ikùn kiri.

Èmi ló bi.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ronú. Mo ní, "Ìyá Tóbi? Èmi àti ẹ̀ la jọ lóyún. Ọdún tí mo bí Bùnmi ló bí i."

Ó ní, "Bùnmi yín dà báyìí?"

Mo ní, "Ó ń ṣe agùnbánirọ̀ ní òkè ọya."

Mo rí i tó ń tẹ ìka mọ́ itan, tó ń ṣírò. Ó ní, "Háà! Ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù yẹn, ó ju Dàpọ̀ tó wà ní pólì lọ?"

Mo ní, "Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ ṣírò rẹ̀."

Irọ́ ni. Nígbà tí ìyá Tóbi wá bí i sílé ìyá rẹ̀, Bùnmi àti Dàpọ̀ ti ń gbé báàgì lọ sílé ìwé. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ ọmọ náà títí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ká má tilẹ̀ sọ ti ìyẹn, lọ́dún tí mo purọ́ yẹn gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tóbi pààrọ̀ bàtà lọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dàgbà lójú mi. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Wọ́n mú Dàpọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Kóòṣì sọ fún àwọn ará pápá pé àgbàlagbà ni Tóbi, kò dárúkọ ẹni tó sọ fún un. Láti ọjọ́ náà, Tóbi di Bàbá Àgbà. "Bàbá Àgbà, àwọn ìyàwó ńkọ́? Bàbá Àgbà, ẹ rọra, orúnkún!" Ta ló sì ń pariwo jù? Àwọn tó gé ọjọ́ orí tiwọn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán!

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà gbé bàtà rẹ̀ wá. Ó ní kí n bá òun tà á. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Màmá, ìyá àgbà mi gan-an ti ń wò mí bí ẹni pé òun ṣì ọdún kà." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò rí i rín. Mi ò gba bàtà náà. Mo ní kó máa gbá a lọ. Oore mi nìyẹn, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó wá láti Ìjàn, ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù mi, ó ṣépè fún ẹni tó ba ọmọ òun jẹ́. Mo ṣe àmín. Ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí? Wọ́n ń ṣẹ́ èpè fún mi, èmi náà ń ṣe àmín, ohùn mi sì ròkè ju ti gbogbo èèyàn lọ!

Ní báyìí, àwọn mìíràn tún ń bọ̀ wá ṣa agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò tíì pé ogún ọdún ni wọ́n fẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Tóbi. Bí Sátidé yìí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ti tán nìyẹn. Àwọn ará pápá sì ti sọ fún wọn pé Bàbá Àgbà ni. Àwọn tó ń bọ̀ wá ní kí ìyá rẹ̀ mú obìnrin tó mọ ìgbà tó bí i wá.

Ìyá Tóbi ní, "Ìwọ lo wẹ̀ ẹ́. Bí o bá la ẹnu, wọ́n á gbà."

Mo ní màá wá. Kí ni kí n sọ?

Ṣùgbọ́n Kóòṣì ìjọ́sí ni wọ́n gbà láti bá wọn ṣà á. Òun náà yóò jókòó síbẹ̀. Bí mo bá ti sọ òótọ́, yóò ní, "Ìyá Bùnmi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ jọ lóyún?" Tí mo bá wá dákẹ́ níbẹ̀, irọ́ ni wọ́n á pe èyí tó jẹ́ òótọ́. Àfi kí n jẹ́wọ́ kí wọ́n tó gba ọmọ náà gbọ́.

Mo pe Dàpọ̀, mo rò fún un. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kàn sọ pé ara yín ò yá." Ọmọ tí mo torí rẹ̀ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́! Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó bí ẹni pé ó bù mí jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá bi yín bóyá kí n jẹ́wọ́. Màá jẹ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé pé kí n dákẹ́, kó lọ wáṣẹ́ ṣe. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí màá kọ́kọ́ sọ fún. Bí mo bá lọ bá ìyá Tóbi ní Ìjàn, ó lè lé mi dànù, kó ní òun ò fẹ́ rí ojú mi lórí pápá. Ta ni yóò wá jẹ́rìí ọmọ náà? Bí mo bá sì dúró di Sátidé, ojú gbogbo ayé ni yóò ti gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣe é.

Ọjọ́bọ̀ lónìí. Ọkọ̀ Ìjàn ń pe èrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi bí mo ṣe ń kọ èyí, èèyàn méjì ló kù kó kún. Ẹ jọ̀ọ́, kí n wọ̀ ọ́, àbí kí n má wọ̀ ọ́?