Omi Tí Mo Dà Sínú Táǹkì Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún méjì. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, bàbá mi fẹ́ lọ dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Ìlobù ni ilé wa. Òṣogbo ni mo ti ń ránṣọ, ṣùgbọ́n lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ni mo máa ń wà.

Bàbá mi ní Pijó àtijọ́ kan. Wọ́n ń nù ún láàárọ̀, wọ́n tún ń nù ún nírọ̀lẹ́. Ìyá mi a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé orogún àwọn rèé, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Bàbá mi máa ń sọ pé ọkọ̀ tí èèyàn ò bá lè fi sípánà àti súkúdíráfà tún ṣe, kì í ṣe tirẹ̀, ó kàn yá a ni. Tòkunbọ̀ kékeré tí èmi ń wà lọ síbi iṣẹ́, “rédíò onítáyà” ni wọ́n ń pè é.

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì Pijó náà: Bàbá Ràfíù, mẹkáníìkì kan ní Ìfọ́n. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń bára wọn bọ̀. Ẹ ṣáà mọ bí ìjà lórí ilẹ̀ ṣe wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Kò kan àwọn méjèèjì. Tí bàbá mi bá ti kírun Jímọ̀ tán, ó di Ìfọ́n. Wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, wọn á máa jiyàn bí ọmọdé. Bàbá Ràfíù á ní ẹni tó bá tìtorí ọ̀dà ra ọkọ̀, wàhálà ló rà. Bàbá mi á ní kí ló dé, ṣé ẹni tó ń fẹ́yàwó kì í wojú ni? Ẹ̀rín wọn á gba àdúgbò.

Nígbà tó yá, ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọ́n fọkọ̀ gbá ewúrẹ́ aládùúgbò, wọ́n ní ewúrẹ́ náà ló wá kọ lu àwọn. Lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbá ọmọ ilé-ìwé kan. Mo wà nínú ọkọ̀ náà, mo pariwo. Wọ́n ní, “Ọmọ wo?” A bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ojú àwọn ríran ju tiwa lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni mo ti ṣìṣe. Bàbá Ràfíù ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn sáfíìsì ọkọ̀ náà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí bàbá mi ṣe ń jẹun lọ́wọ́, mo bu omi kún jọ́ọ̀gì, mo ṣí ìdérí táǹkì, mo dà á sí i. Mo ní bó bá ti kọṣẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ò rìn jìnnà tó fi kú.

Mi ò ro ti Bàbá Ràfíù rárá. Wọ́n gun ọ̀kadà wá láti Ìfọ́n, wọ́n fa epo jáde, wọ́n wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Alàájì, omi ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan nínú ilé yín ló dà á sí i.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Háà, bàbá mi fò sókè! “Nínú ilé tèmi? Àwọn ọmọ mi? Ìwọ lo fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, ìwọ lo bà á jẹ́, o wá fẹ́ tú ilé mi ká! Kò sóhun tí ará Ìfọ́n ò lè ṣe.” Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu bàbá mi rí.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, omi mímu tí mo gbé wá fún àlejò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bàbá Ràfíù ò mu ún. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Mo gbà pé wọ́n mọ̀. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ.

Láti ìgbà náà, bàbá mi ò wakọ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, àbí? Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, wọ́n sì ti ń ríran kedere, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí mẹkáníìkì mìíràn sún mọ́ Pijó yẹn. Tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, inú ọkọ̀ tí kò lè lọ yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí. Mo fẹ́ràn bàbá mi dénú. Torí kí wọ́n má bàa kú sójú títì ni mo ṣe ṣe é, mo sì fi gba ọ̀rẹ́ wọn lọ́wọ́ wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní, “Mi ò fẹ́ gbé ìjà lọ sọ́run. Mo ti dárí irọ́ tí Bàbá Ràfíù pa mọ́ ilé wa jì í. Wá fi rédíò onítáyà rẹ gbé mi lọ sí Ìfọ́n.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún wọn nílé ni, àbí kí a dé Ìfọ́n kí n tó kúnlẹ̀ fún àwọn méjèèjì? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Bàbá mi ní tí a bá débẹ̀, èmi ni kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ kí n jẹ́rìí fún Bàbá Ràfíù pé ọmọ tí àwọn bí ò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé.